Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Eré Tó Dà bí Òótọ́

Ṣáṣá, Ìbàdàn
Oṣù Kẹta, 2024

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

    

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ìpele kẹrin eré Blood & Water ti jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, pé o wo apá kìíní lóru ọjọ́ náà gan-an, pé ìwà ipá inú rẹ̀ dà bí òótọ́ débi pé oorun kò kùn ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. O wá bi mí bóyá kí o jáwọ́ nínú wíwò ó. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti ní kí o jáwọ́. Èmi lo wá sá bá, bóyá n óò gbè ọ́ lẹ́yìn. Ó dáa, n óò dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni n óò kọ, torí pé ohùn orí fóònù máa ń gé mọ́ mi lẹ́nu.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé èṣù ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn yìí ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1959. A ti ń wo eré kí ìyá rẹ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní àwọn ọdún 1980 tí Jimoh Aliu ń ṣe Àrélù, tí Fádèyí Olóró bá ti yọ sójú, ẹ̀yìn àga ni àwọn ọmọdé ń sá sí. Ẹnìkan á pe ọfọ̀, èéfín á sọ, ẹnìkejì á ṣubú lulẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì mi ti di olóògùn: wọ́n ń na ìka síra wọn, wọ́n ń pe ọfọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ẹni tí wọ́n na ìka sí á ṣubú, á rẹ́rìn-ín, á gbọn eruku aṣọ rẹ̀, á wọlé wá kọ ìṣirò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé èéfín lásán ni.

Nínú ìwé pàápàá, ẹ̀jẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ kò bá tíì ka Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ẹ wá a kà. Àgbọ̀nyín, ọmọ ọba, ni Gáà fi rúbọ. Mo kà á, mo sunkún, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ọkàn mi ló ya àwòrán náà fúnra rẹ̀, ó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Eré tiyín kì í dúró. Mo ní kí Ṣẹ́gun, àbúrò rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, fi eré náà hàn mí láti ìpele kìíní, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ jẹ dátà mi tán. Eré náà dára, n kò ní purọ́. Puleng, ọmọbìnrin Cape Town tí wọ́n jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ní ọmọ ọwọ́, ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olówó, Parkhurst, kó lè mọ̀ bóyá Fikile ni ẹ̀gbọ́n náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà gan-an. Ní 1997, wọ́n jí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta gbé ní ilé ìwòsàn Groote Schuur. Ọdún 2015 ni wọ́n tó mọ ibi tó wà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń sọ pé ojú àwọn méjèèjì jọra jù. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́tàdínlógún, láìsí ọmọ náà nílé. Eré lè fi ọjọ́ ìbí kan hàn wá kó kọjá lọ. Ta ló máa jókòó wo mẹ́tàdínlógún?

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. O ní ó dà bí òótọ́. Ní ti ojú àti etí, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn: àwọ̀ pupa tí wọ́n pò kí ó lè ki bí ẹ̀jẹ̀, ìkúùkù tí wọ́n ti fi ara balẹ̀ dánra wò kí ó má bàa kan ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe ohùn fíìmù máa ń ṣẹ́ ewébẹ̀ tútù sétí ẹ̀rọ kí ó lè dún bí egungun tó kán. (Èmi tí mo ń ta ata, n kò mọ̀ pé ọjà wa lówó lórí tó bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìkúùkù, kò sí ẹni tó ní àyè láti yà á.

Mú ìjà ọjà Ṣáṣá wò. O wà ní JSS nígbà tó ṣẹlẹ̀, wọn kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Oṣù Kejì 2021 ni. Wọ́n ní tòmátì tó dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ló dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú alábàárù kan. Ọkùnrin kan dá sí i, wọ́n gbá a ní nǹkan, ó kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, ọ̀rọ̀ ti di Yorùbá àti Haúsá. Ilé ń jó, ṣọ́ọ̀bù ń jó, èèyàn kú ní ìhà méjèèjì. Gómìnà Mákindé ti ọjà pa. Àwọn gómìnà láti òkè ọya wá wo eérú.

Ká ní fíìmù ni, ó tán nìyẹn. Ohun tó kù lójú mi kì í ṣe iná. Òórùn ni, òórùn apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ń jẹrà nínú ọjà tí wọ́n tì, lábẹ́ oòrùn oṣù Kejì. Ìyá Haúsá tó máa ń tà mí ní àlùbọ́sà sá lọ sí ilé Seriki, olórí àwọn Haúsá Ṣáṣá, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà padà, ó kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, èmi náà kò sì mọ bí mo ṣe máa tún bá a dápàárá. Ó pẹ́ kí a tó tún máa tà fún ara wa láwìn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò òkè ọya dá ọkọ̀ màlúù àti oúnjẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa dúró, ìyá rẹ sì pè mí láti Ìkòròdú pé àlùbọ́sà kò ṣeé rà mọ́. Tòmátì tó dà sílẹ̀ ní Ṣáṣá ló dé inú ìkòkò ọbẹ̀ yín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi igi gbá ẹnìkan lórí nínú eré rẹ, tó dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún ń wá ọ̀rẹ́bìnrin, má gbà á gbọ́, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ náà pupa tó. Máa bèèrè ẹni tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹni tó san owó, ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti jáde lọ́jọ́ kejì. Eré tó bá rántí ìyẹn, òǹkọ̀wé rẹ̀ gbọ́n. Ti Cape Town yìí ń rántí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ pé kí o pa á tì.

N kò sì gbà pé fíìmù ló ń sọ ọmọ di apànìyàn. O rántí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Abẹ́òkúta tí wọ́n mú ní oṣù Kìíní 2022, tí wọ́n pa ọmọbìnrin kan fún oògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ọlọ́pàá pé orí Facebook ni òun ti kọ́ ọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin ní Àbújá ní kí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò jí sí iṣẹ́. Facebook ni ọmọ náà dárúkọ, fíìmù ni wọ́n dá lẹ́jọ́. Láti 1993 ni òfin àjọ náà ti wà, nígbà tó jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ń yá wò. Ta ló máa wá lu òǹtẹ̀ mọ́ ohun tí o ń wò lábẹ́ aṣọ ìbora láago kan òru?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí, mo fẹ́ kí o fetí sí i dáadáa. Ní àwọn ọjọ́ ìjà Ṣáṣá wọ̀nyẹn, fídíò ń wọlé sórí fóònù mi ṣáá. Nínú àwọn kan, ọjà tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ọjà wa rárá. Nínú àwọn mìíràn, òkú èèyàn ni, tí ẹni tó ń yà á ń pariwo bí ẹni tó wà níbi bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ojú tó ti mọ́ eré tó dà bí òótọ́ kì í tètè mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré. Òkú yẹn ní ìyá. Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ, pa á rẹ́. Má wò ó parí, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ èmi.

Ní ti oorun tó dá lójú rẹ, kì í ṣe ojo ni ọ́. Ara rẹ rí ìyà, ó gbà á sí ìyà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí o bá wo irú rẹ̀ tí o sùn fọnfọn ni kí o pè mí. Ìyókù eré náà, ọ̀sán ni kí o máa wò ó, apá kan lẹ́ẹ̀kan, kí o yọ ohun tí o ń kì bọ etí, torí pé ohùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, kí o sì jẹ́ kí ìyá rẹ jókòó tì ọ́. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ àbúrò mi. Bó bá fi lè wo apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni yóò máa bi ọ́ pé ta ló jí ọmọ gbé.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún Àjíǹde, ẹ sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí n lè ya ata rodo sọ́tọ̀ fún yín. Ṣẹ́gun ní kí o má sọ fún òun bí ìpele kẹrin ṣe parí.

Èmi ni,
Màmá rẹ ní Ṣáṣá