Ẹ Jẹ́ Kí Ó Sùn Ná

Ohun tó ká Màmá lára ní ìpàdé ìsinmi tó kọjá kì í ṣe pé ọbẹ̀ jóná tàbí pé omi tán nínú táǹkì. Ìyìn ló bí i nínú. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn, ó ní wọn ò jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń dúró ni wọ́n ti ń kó àwọn obìnrin míṣọ́nárì wọ gbọ̀ngàn. Orin bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kálukú sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gba ìròyìn pápá lẹ́nu wọn tán kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màmá kò pàtẹ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ yẹn, ó ti rí obìnrin kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé máíkì bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó wá sọ ohun tí Olúwa ti ṣe. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni obìnrin náà ti wà nínú ọkọ̀.

Màmá ni gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, kò sì fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtìgbà tó wà ní ọmọge ló ti ń sìn níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere lálejò, kí wọ́n lè sinmi, kí ọkàn wọn sì lè sọjí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí irú ètò bẹ́ẹ̀ lónìí ti kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà dúró de òun ní ilé ìdáná. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ ilé gbígbá, kò bá wọn sọ̀rọ̀ àdúrà àti ààwẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Ó ní wọ́n mọ ìyẹn. Alẹ́ àkọ́kọ́ ló fẹ́ bá wọn sọ, alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan.

Iṣẹ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní alẹ́ yẹn ni kó gba ẹrù lọ́wọ́ obìnrin tó dé, kó gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kó bu omi gbígbóná fún un, kó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kó sì fi yàrá hàn án. Kò sí ìwàásù. Kò sí ẹ̀rí. Kò sí "ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa iṣẹ́ yín." Kódà, Màmá ò fẹ́ kí wọ́n bi í pé kí ló máa jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, obìnrin náà ló ń pinnu ọmọ ta ni wọ́n máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ìjà ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ parí, iye gàrí tó máa tó títí owó oṣù yóò fi dé. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n gbé àmàlà gbígbóná síwájú rẹ̀, kó rí i pé ẹnì kan ti bá òun rò ó. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa bi í.

Àṣà wa pàápàá kò fàyè gba ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ kú ewu ọ̀nà la fi ń pàdé rẹ̀, omi ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń bi í lọ́rọ̀ kó tó mumi, àwọn àgbà á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ó ya Màmá lẹ́nu pé àwọn ọmọ tó mọ èyí dáadáa nílé bàbá wọn á gbàgbé rẹ̀ tí wọ́n bá ti so káàdì mọ́ ọrùn.

Ó ṣí Bíbélì sí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ó ní kí wọ́n wo bí áńgẹ́lì ṣe tọ́jú Èlíjà. Wòlíì náà ń sá fún Jésíbẹ́lì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì ò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Èlíjà sùn, áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyin iná àti orù omi. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún padà sùn, áńgẹ́lì ò sì sọ pé oorun náà ti pọ̀ jù. Ó tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fún un lóúnjẹ, torí ọ̀nà tó wà níwájú jìn. Ogójì ọjọ́ ni Èlíjà fi rìn lẹ́yìn náà kó tó dé Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Oorun ẹ̀ẹ̀mejì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìbéèrè kankan tó wáyé. Màmá ti ka ibẹ̀ débi pé ojú ewé náà ti fẹ́ ya.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó ń sọ àsọdùn, ìtàn iṣẹ́ míṣọ́n ní ilẹ̀ wa ṣì wà. Anna Hinderer dé Ìbàdàn pẹ̀lú David ọkọ rẹ̀ ní 1853. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí, ilé náà sì kún fún ọmọ ọlọ́mọ tó ń tọ́, tó sì ń kọ́ ní ìwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, ó di pé kí tọkọtaya náà máa ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ibà ò yéé dá Anna wó. Ó kúrò ní Ìbàdàn pátápátá ní 1869. Ní 1870 ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 43. Mary Slessor, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé wa mọ̀ nítorí àwọn ìbejì tó gbà là, dé Kàlàbá ní 1876, ibà sì lé e padà sí Scotland ní 1879. Nígbà tó lọ ìsinmi ní 1898, ọmọbìnrin mẹ́rin tó gbà tọ́ ló kó dání, ó sì tún ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn láti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n pè ní ìsinmi. Màmá bi àwọn ọ̀dọ́ náà pé: ta ló bá a gba àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè sùn?

Àwọn míṣọ́nárì SIM fojú winá kí wọ́n tó gbọ́n. Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Nígbà tó yá, míṣọ́n náà kọ́ ilé ìsinmi sí Miango, nítòsí Jos, níbi tí ilẹ̀ ga tí afẹ́fẹ́ sì tutù, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè máa ríbi fara tì. Itẹ́ òkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú ibojì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọdé.

Lónìí, ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn obìnrin tí Màmá ń gbà lálejò. Láti 1948 ni EMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ti ìjọ ECWA, ti ń rán ọmọ Nàìjíríà jáde. Ní 1975 àwọn ọ̀dọ́ agùnbánirọ̀ dá ẹgbẹ́ míṣọ́n CAPRO sílẹ̀. Obìnrin Yorùbá tó wà láàrin wọn, tó bá gba ìsinmi ọdún, ilé ọkọ ló ń lọ. Ibẹ̀, ìyàwó ilé ni. Òun ló máa dáná níbi ìnáwó, òun ló máa wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, òun ni ẹbí ń wò bóyá ó mú nǹkan dání. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ á ní kó bọ́ síwájú wá jẹ́rìí, torí ìjọ ló ń dáwó fún un. Nígbà tí ìsinmi bá fi parí, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ìgbà tó dé lọ. Ọjọ́ díẹ̀ tó bá lò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lè jẹ́ gbogbo ìsinmi tó máa rí títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bi Màmá pé kí ló dé tó fi ń bínú nítorí alẹ́ kan.

Màmá pàápàá kò mọ iṣẹ́ yìí ṣe láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá àgbà kan ló kọ́ ọ, Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá lóhùn orin nígbà náà, ó fẹ́ máa darí ìyìn. Ìkòkò omi gbígbóná ni ìyá àgbà fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì dùn ún. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dé láti Òkè Ọya. Ó wẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó wọlé lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jáde. Agogo ìsìn òwúrọ̀ lù, kò jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rù ba àwọn ọmọge, wọ́n fẹ́ lọ jí i. Wọ́n bá ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà lórí àpótí, àwo ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀, ó ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti wọlé wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin náà tó jáde, ó jẹun, ó tún padà lọ sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wá jókòó ti ìyá àgbà, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ní pápá, kò sì tíì sọ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, torí nínú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí àwọn tó ń dáwó fún wọn, ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n ń retí. Ìyá àgbà ò ka ẹsẹ Bíbélì kankan sí i. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó sì ń bá ẹ̀gúsí lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti mọ̀ pé ẹ̀rí tí wọ́n bá fi máíkì gbà lẹ́nu ẹni tó ti rẹ̀, ohun tó rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ló máa sọ.

Iṣẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ le, torí kí bọ́ọ̀sì tó dé ló ti gbọ́dọ̀ parí. Kí bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn má ní ihò, kí jẹnẹrétọ̀ má wà lábẹ́ fèrèsé. Màmá máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan kó tó gbà pé ó ti ṣetán. Ó ní obìnrin tó ń gbé níbi tí ìbọn ti ń dún kì í sùn nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, bó ti wù kí tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀ tó. Àwọn tó máa tọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Wọn ò gbọdọ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Kí ọmọ ọmú lọ mu ọmú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì pọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Kí nọ́ọ̀sì wà nítòsí, torí oorun yàtọ̀ sí àìsàn: bí ara obìnrin bá ń gbóná tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ, àyẹ̀wò ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló kàn.

Ibi tí ohùn rẹ̀ ti le jù ni ọ̀rọ̀ fóònù. Wọ́n ti ya àwòrán obìnrin tó ń tòògbé yẹn, ẹnì kan sì ti gbé e sórí WhatsApp rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìn. Màmá ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lójú òun. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbé níbi tí ewu ti máa bá wọn, tó sì máa bá àwọn tó gba ìyìn rere lẹ́nu wọn, bí wọ́n bá dá wọn mọ̀ sí míṣọ́nárì. Ìdájọ́ kan náà ló ṣe lórí àṣírí: ohun tí obìnrin kan bá sọ fún wọn kò gbọdọ̀ di kókó àdúrà láàrin ìjọ, ì báà jẹ́ pé wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kí àwọn onídìrí dé. Màmá fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Obìnrin tí kò rí ẹni bá a di ṣùkú tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ níbi tó ń gbé yóò jókòó fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí onídìrí, kò rí ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì máa ń rọrùn láti sọ báyẹn. Kí onídìrí máa fetí sílẹ̀, kó má fi ìtàn ti ara rẹ̀ dáhùn.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kúnlẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú, pé nínú Máàkù orí 6, àwọn àpọ́sítélì kọ́kọ́ jábọ̀ fún Jésù kó tó ní kí wọ́n lọ sinmi. Ìbéèrè náà dùn mọ́ Màmá nínú. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́. Ó ní kí ó kà á síwájú. Àwọn èrò rí ibi tí ọkọ̀ ojú omi náà kọrí sí, wọ́n fẹsẹ̀ sáré débẹ̀ ṣáájú wọn, ìsinmi ọjọ́ náà sì dàrú. Ó wá bi ọmọbìnrin náà pé lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì dé yẹn, ta ni wọ́n fìwà jọ, Olúwa tàbí àwọn èrò?

Ètò ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà lọ́wọ́ Màmá báyìí. Wọn ò kọ nǹkan kan sí iwájú alẹ́ àkọ́kọ́. Ìsìn ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹni tó bá wù ló máa wá. Ẹ̀rí di ọjọ́ ìkẹyìn, láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ló ṣì ń fa ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fi owó tí wọ́n fẹ́ fi háyà ẹ̀rọ orin kún owó ọkọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè gba yàrá sùn mọ́jú lójú ọ̀nà, kí wọ́n má máa rin ìrìn òru. Àwọn tó ń ṣètò ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn.