Wáyà Kì Í Ṣú Bí Òjò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jó irin lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Akùkọ onírin ti wọ̀ yín lójú. Ẹ fẹ́ kí ó dúró sórí òpó láàárín àgbàlá, kí ó máa yí, kí ó máa kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wuyì ni. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni yóò pa yín.

Páìpù omi àtijọ́ àti àjákù páànù ni ẹ ṣà jọ. Síǹkì ni wọ́n fi bò wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà. Síǹkì ń hó ní 907°C. Irin kò tíì yọ́ rárá nígbà náà. Èéfín síǹkì funfun tó ń rú lójú iná yẹn ni ẹ ń fà símú. Ẹ kò ní mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Tó bá dalẹ́, òtútù yóò mú yín, orí yóò fọ́, àyà yóò há, ẹnu yóò dà bí ẹnu ẹni tó lá irin. Ẹ ó ní ibà ni, ẹ ó ra oògùn ibà. Ara á yá, ẹ ó tún padà sídìí rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ mu mílíìkì. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín wà! Ẹ fá síǹkì náà kúrò, ẹ jáde síta gbangba. Ẹ má sì gé dúrọ́ọ̀mù epo. Iná tó bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré ti tó láti mú un bú gbàmù.

Àwọn kan ń fi àrá dẹ́rù bà yín nítorí òpó náà. Wọn kò purọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Georg Richmann, gbé ọ̀pá irin sórí ilé rẹ̀ ní St Petersburg, ní Rọ́ṣíà. Àrá pa á nínú ilé náà ní 1753. Ṣùgbọ́n òjò a máa ṣú kí àrá tó sán. Wáyà iná kì í ṣú.

Páìpù tí ẹ fẹ́ fi ṣe òpó gùn tó mítà 6. Ẹni mẹ́ta ló dì í mú, orí rẹ̀ wúwo, ó sì fì. Wáyà onífólítì 11,000 tó kọjá lójú pópó wà ní ìhòòhò. Tí páìpù bá kàn án, iná gba inú ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlẹ̀. Ẹni tó sáré wá fà wọ́n, ó bá wọn lọ. Sílípáàsì kò gbà yín. Ẹ sọ pé kò síná? Ta ló sọ fún yín pé kò ní dé ní ìṣẹ́jú yìí? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn kò so dáadáa lè rán iná sínú wáyà náà.

Ẹ wọn òpó yín, ẹ fi ìdajì gígùn rẹ̀ kún un. Tí wáyà bá súnmọ́ yín ju ìyẹn lọ, ẹ kó irin yín kúrò níbẹ̀. Wáyà tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé wọ́n ti wá fà á sókè?