Bí Ẹbí Ṣe Lè Ra Ilé Lọ́wọ́ Habitat for Humanity ní Amẹ́ríkà

Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé ilé ọ̀fẹ́ ni. Habitat for Humanity, tí Millard Fuller àti ìyàwó rẹ̀, Linda, dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 1976, ń ta ilé ni. Ẹbí tí báńkì kì í dá lóhùn ni wọ́n ń tà á fún, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n máa san án lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní iye tí kò ní fún wọn lọ́rùn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: pé ibi tí ẹ ń gbé báyìí kò rọ̀ yín lọ́rùn, pé agbára yín ká owó náà, àti pé ẹ ṣe tán láti bá wọn ṣiṣẹ́ ilé náà.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi zip code àdúgbò yín wá ẹ̀ka tó sún mọ́ yín. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní Houston sọ ṣèdájọ́ ti Baltimore. Ẹ̀ka míì wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lọ́dún ló fi ń gba fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sí ìpàdé àlàyé wọn, kí ẹ béèrè bóyá dandan ni green card, àti èló ni owó tó ń wọlé fún ẹbí tó tó tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá kéré jù, wọn ò ní gbà á. Bó bá pọ̀ jù, wọn ò ní gbà á náà.

Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa dúró, kì í ṣe àìlówó. Oṣù mẹ́fà kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ẹ wá fáìlì kan, kí ẹ máa kó ìwé sí i: ti owó-oṣù, W-2, ti owó-orí ọdún méjì, ti báńkì, àti rìsíìtì owó ilé. Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní annualcreditreport.com, kí ẹ kà á látòkè délẹ̀. Gbèsè ọsibítù tí ẹ ti gbàgbé lè wà níbẹ̀. Èyí tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ kọ̀wé ta kò ó.

Ẹ tún wo orúkọ. Orúkọ bàbá lè wà lórí páásípọ́ọ̀tù ìyàwó, kí ti ọkọ wà lórí ìwé owó-oṣù rẹ̀, kí báńkì sì ti da méjèèjì pọ̀. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó mọ́ àwọn ìwé yín, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ náà ní ìlà mẹ́ta.

Owó àjọ ńkọ́? Bí $5,000 bá ṣàdédé wọ àkántì yín nígbà tí àjọ kàn yín, ẹni tó ń yẹ ìwé wò lè má mọ ohun tó ń jẹ́ èsúsú. Kí olórí àjọ kọ iye tí ẹ ń dá lóṣù, iye ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kó o. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé, ẹ fi í sínú ìṣirò yín. Ẹ má fi pamọ́. Owó irun dídì tí ẹ kò fi hàn nínú ìwé owó-orí, wọn ò ní kà á mọ́ owó tó ń wọlé.

Bí àwọn ará Habitat bá ní àwọn ń bọ̀ wá wo ibi tí ẹ ń gbé, ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀ yín. A kì í fẹ́ kí àlejò rí àbùkù wa. Mo mọ ìyá kan tó ti fọ ara ògiri tó bu mọ́, tó sì ti kó mátírẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ kúrò ní pálọ̀ kí wọ́n tó dé. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí gan-an ló gbé pamọ́. Ẹ gbálẹ̀, ẹ fún wọn lómi, ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta bá ń sùn ní pálọ̀, ẹ sọ ọ́.

Bí wọ́n bá gbà yín, iṣẹ́ ọwọ́ kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní sweat equity. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wákàtí bíi 200 sí 500 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń béèrè: igi kíkàn, ọ̀dà kíkùn, tàbí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Kíláàsì nípa níní ilé sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ará ìjọ lè bá yín ṣe díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kó sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Wọ́n á wá iṣẹ́ ìjókòó fún un.

Láàárín ìgbà yìí, ẹ má ra mọ́tò ní gbèsè. Ẹ tọ́jú owó díẹ̀ fún ìnáwó ọjọ́ ìbuwọ́lùwé, kí ẹ rántí pé owó-orí ilé àti ìnṣọ́ránsì wà nínú ohun tí ẹ óò máa san, wọ́n sì lè gbówó lórí sí i lọ́dọọdún. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ta ilé náà lọ́jọ́ iwájú.

Bí wọn ò bá gbà yín, òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ gbà á ní kíkọ, kí ẹ fi í ṣe ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù tún ń jáde.