Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Sọ Bó Ṣe Rò Ó

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ní Abuloma níbí, ní Port Harcourt, mú ìwé ìjábọ̀ ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ilé-ìwé aládàáni kan ló pe àwọn olùdámọ̀ràn ọ̀dọ́ wá láti yẹ òye àwọn ọmọ wò, wọ́n sì parí kíláàsì mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà ìpàdé òbí, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún wọn pé iṣẹ́ wọn yá. Ohun tí wọ́n kọ sára ìwé ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí ni pé òye rẹ̀ kò jí, kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀.

Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi.

Ìbéèrè kan nínú ìwé náà ní kí ọmọ mú ohun kan tí kò bá àwọn yòókù mu: mọ́tò, ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà, ọkọ̀ òkun, àti àwọ̀n ìpẹja. Ọmọ náà mú mọ́tò. Wọ́n fi bírò pupa fa á, nítorí àwọ̀n ni ìwé ìdáhùn wọn wí. Mo bi ọmọ náà ní píjìn, èdè tí èmi àti òun jọ gbọ́, pé kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní mọ́tò ò lè wọ omi; àwọn mẹ́ta tó kù, inú omi ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Etí omi la wà níbí. Àwọn ará Òkírìkà tó ni ilẹ̀ yìí ti ń pẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọmọ tó ro irú èyí ni wọ́n ní òye rẹ̀ kò jí!

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka saikọ́lọ́jì jáde ní Port Harcourt, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣètò ìdánwò, ẹ mọ bí a ṣe ń ka máàkì, ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí Skinner àti Vygotsky títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun kan ṣoṣo lẹ̀ ń fò: kí ẹ jókòó ti ọmọ lẹ́yìn ìdánwò, kí ẹ mú ìdáhùn tó kùnà, kí ẹ ní kó sọ bó ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ má pe èyí ní àṣejù àgbà. Ní 1905 tí Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò wọn ní Paris, kí ilé-ìwé lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Binet fúnra rẹ̀ ta ko àwọn tó ń sọ pé òye ọmọ kò lè kúrò níbi tó wà. Ó kú ní 1911; nígbà tí ìdánwò náà fi máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ti sọ máàkì di ìdájọ́. Ní nǹkan bí 1920, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Switzerland kan, Jean Piaget, wá ń bá Simon ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò ju pé kó tún ìdánwò ìrònú kan tí Cyril Burt ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tò, kó lè bá àwọn ọmọ Paris mu. Kàkà kó ka iye tí wọ́n gbà kó sì máa lọ, èyí tí wọ́n kùnà ló gbà á lọ́kàn. Ó ń bá wọn jókòó, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké máa ń ṣe irú àṣìṣe kan náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ti hù. Ẹ̀yin ń há orúkọ Piaget sórí, ẹ wá ń da ohun tó sọ ọ́ di Piaget nù.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í gba ìjábọ̀ lọ́wọ́ wa bí kò bá rí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ nínú rẹ̀. Á fi ìka kan ibi tó ṣófo lórí ìwé, á ní, "Ọmọ náà dà?" Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á dá ìwé náà padà, a ó sì tún wọ mọ́tò lọ sí ilé-ìwé náà. Nígbà yẹn mo rò pé ó ń fìyà jẹ wá ni.

Lọ́jọ́ kan ó rán mi sí ọmọbìnrin kan tí kò gba ẹyọ kan nínú ìṣirò àyọkúrò. Wọ́n ní kó yọ 17 kúrò nínú 42, ó kọ 35. Wọ́n ní kó yọ 28 kúrò nínú 63, ó kọ 45. Mo bi í lédè Òyìnbó, ó dákẹ́. Mo yí i sí Yorùbá, ó sì tú u palẹ̀ fún mi: tíṣà ti sọ fún wọn pé ẹnìkan kì í yọ ńlá nínú kékeré. Nítorí náà, nínú 7 àti 2, ó yọ 2 nínú 7. Òfin tíṣà ló ń pa mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé, láìyẹ̀. Wọ́n ka odo fún un, àṣìye kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó láti tún un ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí èdè tó fi sọ ọ́. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní Ilé-Ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwa tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá wà ní Abuloma tí ẹ kò gbọ́ Wákíríkè, èdè àwọn ará Òkírìkà, ẹ wá ẹ̀gbọ́n ọmọ tàbí olùkọ́ tó gbọ́ ọ kó bá yín jókòó. Ẹ má torí àìgbédè tiyín kọ pé ọmọ kò lóye.

Àwọn olùwádìí, Michael Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí irú ọgbọ́n tó dà bí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Kpelle ní Làìbéríà. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ to ogún nǹkan sí ìsọ̀rí. Àwọn àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn, nítorí ọ̀bẹ la fi ń gé ọsàn. Wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe máa tò ó nìyẹn. Ìgbà tí àwọn olùwádìí wá bi wọ́n pé báwo ni òmùgọ̀ ṣe máa tò ó, àwọn àgbẹ̀ kó oúnjẹ sọ́tọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀, gẹ́lẹ́ bí àwọn olùwádìí ṣe ń fẹ́ látilẹ̀. Ká ní wọn ò béèrè ni, ìwé ì bá ti wí pé àwọn àgbẹ̀ yìí ò mọ ìsọ̀rí.

Ẹ ó ní àkókò ò sí, pé ọmọ pọ̀, pé ilé-ìwé ń fẹ́ ìjábọ̀ ní kíá. Ẹ mú ìdáhùn mẹ́ta péré lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ kọ ohun tó wúwo nípa rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọmọ, kó má kọ nǹkan kan nípa ọpọlọ rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń da 3 kọ dípò 8 láti ara pátákó. Ìgbà tí wọ́n bi í la mọ̀ pé ojú ló ń dùn ún.

Bí ẹ ṣe máa béèrè náà ṣe pàtàkì. Ọmọ wa tí àgbà bá bi pé "Kí ló dé?" ti gbọ́ ẹ̀sùn, á sọ pé òun ò mọ̀, tàbí kó máa sunkún. Ẹ ní "Kọ́ mi bí o ṣe ṣe é." Ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé bírò pupa sápò.

Kí ẹ sì máa bi í nípa èyí tó gbà pẹ̀lú, kó má baà rò pé èyí tó kùnà nìkan lẹ̀ ń béèrè. Ẹ ó jèrè ohun mìíràn níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan sọ 16/64 di 1/4, olùkọ́ rẹ̀ sì yìn ín. Mo ní kó kọ́ mi. Ó ní òun pa 6 tòkè àti 6 tìsàlẹ̀ rẹ́, ó ku 1 àti 4. Mo kọ 13/39 fún un. Ó pa 3 méjèèjì rẹ́, ó kọ 1/9, ó sì gbé e fún mi tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn la bẹ̀rẹ̀ ìdá látìbẹ̀rẹ̀.