BÍBÉÈRÈ ÌDÍ SÀN JU BÍBÚ ARA ẸNI LỌ

Bíbélì Kíkà: Máàkù 6:7-13, 9:14-29
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Máàkù 9:28

Kí baba kan tó mú ọmọ rẹ̀ tọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù wá, wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí èṣù jáde rí (6:13). Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí wọ́n ṣe é títí, kò ṣeé ṣe, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn akọ̀wé sì ń bá wọn jiyàn. Ìtìjú ńlá ni. Olúwa pàápàá bá ìran náà wí fún àìgbàgbọ́ (ẹsẹ 19), nítorí náà a kò ní sọ pé àléébù kò sí. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wọ inú ilé. Wọn kò jókòó máa sọ pé àwọn kò wúlò. Wọ́n béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì gba ìdáhùn tí wọ́n lè lò: ọ̀rọ̀ àdúrà ni. Ẹ má sì ṣe fo ẹsẹ 21. Kí Jésù tó wo ọmọ náà sàn, Òun tìkára Rẹ̀ bi baba rẹ̀ léèrè ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ kan yọ 27 kúrò nínú 52, ó kọ 35. Olùkọ́ kan a fi yíǹkì pupa fagi lé e, a ní, "Olódo!" Lọ́la, ọmọ náà yóò tún kọ 35. Ṣùgbọ́n bí a bá ní, "Fi bí o ṣe ṣe é hàn mí," a ó rí i pé nígbà tí kò lè yọ 7 kúrò nínú 2, ńṣe ló yọ 2 kúrò nínú 7. Kò tíì mọ bí a ti ń yá mẹ́wàá ni. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí kò jẹ́ pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo a máa pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìpinnu kan tó wọ́pọ̀ láàrin wa: kíka Bíbélì tán láàrin ọdún kan. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún, ó ń ka orí 3 lójúmọ́. Gẹ́nẹ́sísì ní orí 50, Ékísódù ní 40. Nítorí náà ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ó dé Léfítíkù, láàrin òfin ẹbọ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ó ti pa á tì, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ àti Kristẹni orúkọ lásán.

Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Bíbélì wa ní orí 1,189. Orí 3 lójúmọ́ fún ọjọ́ 365 jẹ́ 1,095. Orí 94 yóò ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò fo ọjọ́ kan pàápàá kò ní parí rẹ̀! Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè síwájú sí i. Ìgbà wo ló ń kà á, ṣé ìgbà tí oorun ti ń kùn ún ni? Ṣé ó ń gbàdúrà kí ó tó ṣí i? Ìbéèrè lè fi ìwà ọ̀lẹ gan-an hàn pẹ̀lú. Kí a má ṣe sá fún un.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà kò wo ẹ̀yìn láti bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀; òkúta tó gbé e ṣubú ló ń wá.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Ẹ fi 6:13 wé 9:18. Kí ni ó mú kí ìkùnà àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yani lẹ́nu?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin ìrònúpìwàdà àti bíbú ara ẹni?
3. Ẹ rántí ìpinnu kan tí ẹ ti pa tì. Ọjọ́ wo gan-an ni ẹ dúró, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?