Fọ́tò Yíyà fún Ìgbafẹ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Ìwò: Àyẹ̀wò Kámẹ́rà Aláìnídígí

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ fọ́tò yíyà fún ìgbafẹ́ wò, pàápàá èyí tí a ń fi kámẹ́rà aláìnídígí yà. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni irú kámẹ́rà yìí lè kọ́ olùkọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀? A kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà 'àwòrán' wò, a ṣàlàyé bí kámẹ́rà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, a sì fi àwọ̀ ara, òòrùn àti ijó ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé, níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà aláìnídígí ti ń fi àwòrán han ayafọ́tò kí ó tó yà á, ẹ̀kọ́ ìwò ni ó jẹ́ ṣáájú ohun gbogbo. A tún fi hàn pé ìwò tí kò ní ìwà ọmọlúàbí nínú kò lè bí fọ́tò tí ó ṣe é fi yangàn.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọba ara. Àwọn kan náà ni ó sì mọ̀ pé wíwò yàtọ̀ sí rírí. Ènìyàn lè wo nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má rí i. Àìlera yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń kọ́ni ní àṣà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí ìlà irun kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ, wọn kò tíì rí irun.

Lójú tiwa, fọ́tò yíyà fún ìgbafẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó wà fún àìsàn yìí. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ń fi fọ́tò jẹun àti ẹni tí ó ń yà á fún ìgbafẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ya ohun tí oníbàárà fẹ́, ní ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ ẹ. Ẹni kejì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹnu-ọ̀nà ilé alámọ̀ kan ṣoṣo, kí ó máa padà lọ wò ó ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sanwó fún un, kò sì sí ẹni tí yóò kán an lójú. Àǹfààní láti wo nǹkan pẹ́ títí yìí ni adùn ìgbafẹ́ náà, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

2.0 Àwòrán, Awòran àti Fọ́tò

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2001, Babátúndé Láwàl so ọ̀rọ̀ náà 'àwòrán' mọ́ ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Awòran, ní tirẹ̀, ni ẹni tí ó ń wo nǹkan. Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá pè wọ́n sétí ara wọn, a óò rí i pé ohun tí a ń wò àti ẹni tí ń wò ó jìnnà sí ara wọn díẹ̀ péré. Láti ìpìlẹ̀ èdè wa, nígbà náà, ìwò àti ìrántí ni ó di àwòrán mú.

Èyí hàn nínú bí àwọn baba wa ṣe gba fọ́tò wọlé. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí lórí fọ́tò yíyà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1978, ṣe àkíyèsí pé fọ́tò àgbàlagbà ní ìlànà tirẹ̀. Àgbà náà yóò wọ aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù, yóò jókòó kọjú sí kámẹ́rà, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan tàbí orúnkún, yóò ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ rẹrẹ, ojú rẹ̀ yóò sì dúró ṣinṣin. Kì í ṣe kámẹ́rà ni ó fi ìlànà yìí lélẹ̀, àwùjọ ni. Sprague tún sọ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò a máa tẹ fọ́tò èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a sì tún un yà. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe ni fọ́tò ń bá wọn ṣe.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀mái ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó. Iṣẹ́ fọ́tò ni ó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ní ọdún 1968 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ó fúnra rẹ̀ yàn: yíya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ti hàn jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Onílé-gogoro tàbí Àkàbà, tí ó yà ní ọdún 1975. Irun náà ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ìwé ìtọ́kasí ni àwọn fọ́tò náà jẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń dirí nígbà náà.

3.0 Kí ni Kámẹ́rà Aláìnídígí?

Nínú kámẹ́rà onídígí, dígí kékeré kan dúró ní ìdagun lẹ́yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú lẹ́ńsì wọlé, dígí yóò gbé e lọ sókè, ayafọ́tò yóò sì fojú rí ohun tí lẹ́ńsì rí. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì, dígí yóò fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orí fíìmù tàbí pátákó tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Ní àkókò náà gan-an, ojú ihò tí ayafọ́tò ń yọjú wò yóò ṣókùnkùn. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú tí fọ́tò ń wáyé ni ayafọ́tò kò rí nǹkan.

Kámẹ́rà aláìnídígí, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní mirrorless, yọ dígí yìí kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ tààrà sórí pátákó náà, kámẹ́rà sì ń fi ohun tí ó gbà hàn lójú ẹsẹ̀ lórí ojú-ìwòye ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí nínú ihò ìyọjúwò. Ní ọdún 2008, Olympus àti Panasonic kéde ìlànà Micro Four Thirds, Panasonic sì gbé Lumix G1 jáde lórí ìlànà náà ní ọdún yẹn kan náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2018, Nikon àti Canon pẹ̀lú ti gbé kámẹ́rà aláìnídígí onípátákó ńlá jáde.

Nǹkan mẹ́ta ni ayafọ́tò ń darí. Àkọ́kọ́ ni ihò inú lẹ́ńsì: bí ó bá fẹ̀, bíi f/2, ẹ̀yìn ẹni tí a ń yà yóò rọ̀ wọnú ara rẹ̀, bí ó bá kéré, bíi f/16, iwájú àti ẹ̀yìn yóò mọ́ kedere. Èkejì ni ìwọ̀n àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé: ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá yóò dá oníjó dúró sójú afẹ́fẹ́, ìdá kan nínú 30 yóò sì jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ fò bí ìgbì omi. Ẹ̀kẹta ni ISO, tí ó ń ran ìmọ́lẹ̀ kékeré lọ́wọ́. Bí ó bá ti ń ga sí i ni èérún ń hàn sí i lára fọ́tò. Bí a bá yí ọ̀kan nínú wọn padà, ìyípadà náà yóò hàn kí a tó tẹ bọ́tìnnì, bí a bá ti ṣètò kámẹ́rà bẹ́ẹ̀.

4.0 Ohun tí Kámẹ́rà Yìí ń Kọ́ Ojú

4.1 Àwọ̀ ara àti aṣọ

Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. A ṣe é kí ó máa rò pé ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ jọ àwọ̀ eérú, èyí tí ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí obìnrin adúláwọ̀ bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Léèsì yóò di eérú, ojú obìnrin náà yóò ṣókùnkùn. Ní ìdàkejì, bí bàbá kan bá wọ ẹtù níwájú ògiri dúdú, kámẹ́rà yóò bu ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹtù yóò sì ṣá bí aṣọ tí a ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn kámẹ́rà tuntun tí ń dá ojú ènìyàn mọ̀ ti dín àṣìṣe yìí kù, wọn kò tíì mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí a ń pè ní Shirley, ni ó wà lórí káàdì tí ilé-iṣẹ́ Kodak fi ń júwe àwọ̀ tí ó tọ̀nà fún àwọn tí ń tẹ fọ́tò. Àwọ̀ tiwa kò sí nínú ìwọ̀n náà.

Bọ́tìnnì tí a fi àmì + àti − sí ni àtúnṣe rẹ̀. A óò fi ìmọ́lẹ̀ kún un fún aláṣọ funfun, a óò sì dín in kù fún aláṣọ ẹtù. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń mọ́ ni iṣẹ́ ara léèsì lè máa pa rẹ́. Èwo ni kí a fi ṣáájú? Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ni kí a kọ́kọ́ gbà là; lẹ́yìn náà, kí a bẹ obìnrin náà kí ó bọ́ sábẹ́ ibòòji, níbi tí ìyàtọ̀ láàárín funfun àti dúdú kò ti pọ̀ mọ́.

4.2 Òòrùn

Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé. Ní Ìbàdàn, òòrùn ń wà ní àtàrí gan-an ní ọ̀sán ní ìgbà méjì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án. Irú òòrùn bẹ́ẹ̀ ń ju òjìji sínú ihò ojú, abẹ́ imú àti abẹ́ gèlè. Ayafọ́tò tí ó bá wo ojú-ìwòye kámẹ́rà rẹ̀ dáadáa yóò rí i, yóò sì dúró de ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ó wá abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé.

4.3 Ìlù àti ijó

Kámẹ́rà aláìnídígí púpọ̀ lè yàwòrán láìpariwo rárá. Èyí dára níbi ìsọmọlórúkọ àti ibi ìwúre. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí a bá lo ọ̀nà yìí, ìlà kan lẹ́yìn èkejì ni pátákó náà fi ń ka ìmọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ onílù bá yára, kọ̀ǹgọ́ tí ó ti tẹ̀ láti ilé yóò tún tẹ̀ sí i nínú fọ́tò. Bílálà oníbàtá yóò sì wọ́ bí ejò. Lábẹ́ àwọn iná LED kan, ìlà dúdú lè là á kọjá. Níbi ìlù àti ijó, kí a dá kámẹ́rà padà sí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí ń dún.

5.0 Ìṣòro àti Ọ̀nà Àbáyọ

Owó ni ìṣòro àkọ́kọ́, kámẹ́rà wọ̀nyí kò pọ́ọ́kú. Tòkunbọ̀ tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tó fún ìgbafẹ́. Nítorí pé lẹ́ńsì sún mọ́ pátákó, irin ìsopọ̀ kékeré kan lè jẹ́ kí a lo lẹ́ńsì kámẹ́rà fíìmù àtijọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹni tí kò bá sì ní kámẹ́rà rárá, kí ó fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Fóònù pẹ̀lú kò ní dígí, ó sì lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀.

Ìṣòro kejì ni bátìrì. Ojú-ìwòye tí kì í sùn a máa jẹ iná, nítorí náà kí a ní bátìrì méjì tí a ti gba iná sí nígbà tí iná wà. Ẹ̀kẹta ni eruku. Bí a bá yọ lẹ́ńsì, pátákó náà sábà máa ń wà ní gbangba. Ní àsìkò ọyẹ́, kí a pa kámẹ́rà, kí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, kí a sì pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú ilé.

6.0 Ìwà Ọmọlúàbí Nídìí Fọ́tò

Ẹni tí ó ní kámẹ́rà tí kò pariwo ní agbára láti jí àwòrán ẹlòmíràn gbé. Ìkíni ni kí ó ṣáájú kámẹ́rà, kí ìyọ̀ǹda sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni a ń yà. Ohun awo wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ó ni ín. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, kí a gbé kámẹ́rà sínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan. Bí a bá dúró lórí àgbà tí ó jókòó, kámẹ́rà yóò máa wò ó láti òkè, yóò sì sọ ọ́ di kékeré. Bí a bá kúnlẹ̀, ojú kámẹ́rà àti ojú rẹ̀ yóò dọ́gba, iyì rẹ̀ yóò sì hàn. Níhìn-ín, ẹ̀kọ́ ilé àti ẹ̀kọ́ fọ́tò sọ ohun kan náà.

7.0 Ìdánrawò fún Kíláàsì

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ohun kan, bí ìkòkò tàbí àpótí ìjókòó, kí ó ya fọ́tò mẹ́wàá péré ní wákàtí kan. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, kí ó fi Yorùbá sọ ohun tí ó rí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀.

(ii) Kí ó ya irun kan ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, kí ó sì kọ àpèjúwe rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí kò rí fọ́tò náà fi àpèjúwe náà ya irun ọ̀hún sórí pépà. Níbi tí àwòrán rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí fọ́tò ni àpèjúwe ti kùnà.

(iii) Kí ó gba àyè lọ́wọ́ àgbà kan, kí ó yà á, kí ó tẹ fọ́tò náà, kí ó sì mú un padà fún un. Kí ó lo àǹfààní yìí láti bèèrè orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò àtijọ́ ara ògiri, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú àti déètì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àwòrán, ní èdè wa, ń sọ nípa ìwò àti ìrántí. A tún rí i pé yíyọ dígí kúrò nínú kámẹ́rà dá ẹrù ìwò padà sí ọrùn ayafọ́tò: níwọ̀n bí ó ti rí àwòrán náà kí ó tó yà á, kò ní àwáwí mọ́. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé ojú ṣe pàtàkì ju léèsì lọ, kò sì mọ ẹni tí a ń kúnlẹ̀ fún. Ayafọ́tò ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ṣí àpótí fọ́tò kan fún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí orúkọ, ìlú àti déètì wà lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí àwa kò bá fi ojú tiwa wo àṣà wa dáadáa, ohun tí ojú ẹlòmíràn rí nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò máa fi rántí rẹ̀.