Mo Ti San Owó Orúkọ, Owó Kí Ni Wọ́n Tún Ń Pè Ní Hosting?

ÌBÉÈRÈ

Aṣọ-òkè, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà ní Sabon Gari, Kano. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà ní Kaduna, Jos àti Abuja, àwọn ló ní kí n ṣí ìkànnì tí àwọn á ti máa wo ọjà. Ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fi gba orúkọ tó parí sí .com.ng. Ní báyìí, ó tún ní kí n wá owó hosting. Ó kọ iye mẹ́ta síwèé fún mi: àkọ́kọ́ jẹ́ náírà, ní Nàìjíríà níbí; èkejì jẹ́ dọ́là, ní Amẹ́ríkà; ẹ̀kẹta wọ́n gan-an, ó ní server tèmi nìkan nìyẹn. Ṣé mi ò ti sanwó tẹ́lẹ̀ ni? Bí iná bá sì lọ ní Kano, ṣé ìkànnì mi ò ní pa? Ojú ń tì mí láti tún bi í.

Aláṣọ-òkè, Sabon Gari

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Owó yín ni, ó sì yẹ kí ẹ mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń lo ìkànnì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni kò tíì béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí. Bó ṣe yé mi, ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ ti san owó kan, òmíràn tún dé, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń tà fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Rárá, kì í ṣe ohun kan náà. Orúkọ ni ẹ kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Hosting ni owó ibi tí ọjà yín máa jókòó sí. Àwòrán gèlè, iye tí ẹ ń tà á, nọ́ńbà fóònù yín, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tí oníbàárà lè kàn sí tọ̀sán-tòru. Kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ń pè ní server. Ẹ ò ní rà á. Àyè nínú rẹ̀ ni ẹ fẹ́ háyà.

Ẹ wo ọjà Sabon Gari fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kó kúrò ní ìsọ̀ yín lónìí lọ sí ìlà mìíràn, oníbàárà tó bá dé lọ́la á béèrè yín lórúkọ, ọmọ ọjà kan á sì mú un lọ síbi tí ẹ kó lọ. Ìsọ̀ ti yí padà, orúkọ ò yí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọjà yẹn, DNS ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá ti tẹ orúkọ yín, òun ló ń júwe server tí ọjà yín wà fún fóònù onítọ̀hún. Bí hosting kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó kó ẹrù lọ sí òmíràn, ẹ ó sì yí ìjúwe náà padà. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gbogbo ayé á ti mọ ọ̀nà tuntun, oníbàárà ò sì ní mọ̀ pé ẹ kó.

Ohun tó ń mú kí méjèèjì dà bí owó kan ni pé ilé-iṣẹ́ kan náà sábà máa ń tà wọ́n pọ̀, ọdọọdún ni a sì ń san wọ́n. Orúkọ tó bá parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó o fún Nàìjíríà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí NiRA fún láṣẹ ló ń tà á fún ará ìlú. Hosting kò sí lábẹ́ NiRA. Ẹ lè gba orúkọ níbì kan, kí ẹ háyà àyè níbòmíràn.

Kí ẹ tó mú ọ̀kan nínú iye mẹ́ta yẹn, ohun kan ká mi lára ju owó lọ: orúkọ ta ni ọmọkùnrin yẹn fi gba .com.ng yín?

Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí ba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jẹ́. Ẹnìkan tó ń ta ohun èlò ilé ló wá bá mi. Ẹni tó ṣe ìkànnì fún un ló fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Mi ò rò pé ó ní ibi lọ́kàn. Ó kàn yá fún un bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun, kò lo ímeèlì yẹn mọ́. Ìwé ìránnilétí pé owó ọdún ti pé ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà á. Orúkọ náà bọ́, ẹlòmíràn sì gbà á. Mi ò rí ohunkóhun ṣe fún onísọ́ọ̀bù yẹn, nítorí kò síbi tí orúkọ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará Sabon Gari mọ ohun tí orúkọ inú ìwé lè ṣe. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ Igbo ti fi ilé wọn ní àdúgbò yín sílẹ̀, wọ́n ti lọ sí Ìlà-Oòrùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano, tí Audu Bako jẹ́ gómìnà rẹ̀, mú kí wọ́n máa bójú tó àwọn ilé náà, kí wọ́n sì máa gba owó ilé pamọ́. Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn onílé padà wá gba ilé wọn pẹ̀lú owó tó ti kó jọ. Inú rere àwọn ará Kano wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣeé mọ̀ pé ta ló ni ilé wo.

Nítorí náà, ẹ fi sùúrù sọ fún ọmọ yẹn pé orúkọ yín tàbí ti òwò yín ni kó wà níbi onílé, pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣí. Kí ó fún yín ní password ibi tó ti gba orúkọ náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè sí. NiRA ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní WHOIS, ẹ lè tẹ orúkọ ìkànnì yín síbẹ̀ kí ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ náà ni, ó lè yí i padà. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ó wá ku iye mẹ́ta yẹn. Ẹ̀kẹta, server tiyín nìkan, dà bí ìgbà tí èèyàn bá háyà odindi ilé fún àpótí ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ẹ fi í sílẹ̀. Méjì tó kù jẹ́ yàrá nínú face-me-I-face-you: ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ ayálégbé jọ ń lo server kan, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Ó tó yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán tí fóònù yà lè wúwo tó megabyte mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá dín in kù dáadáa, kò ní ju ìdá márùn-ún megabyte kan lọ. 300 irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ megabyte 60 péré. Gigabyte kan, tó jẹ́ 1,000 megabyte, gbà á pẹ̀lú àyè tó pọ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tó bá sọ pé "unlimited" ni òun ń tà, ẹ má san kọ́bọ̀ kún owó nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ti iná, ẹ fọkàn balẹ̀. Iná àdúgbò yín kọ́ ni server yín máa gbára lé, àfi tí ẹnìkan bá gbé e sí yàrá rẹ̀, ẹ má sì gba ìyẹn láéláé. Inú ilé tí wọ́n kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, bíi Rack Centre ní Èkó, tí bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ti ń gba iṣẹ́ iná ṣe lójú ẹsẹ̀ tí NEPA bá mú un lọ. Tí gbogbo Sabon Gari bá ṣókùnkùn, oníbàárà yín ní Jos á ṣì máa wo gèlè.

Èmi a mú ti náírà. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 460; ní 2024, ó kọjá 1,500. Ẹni tó ń san dọ́là 60 lọ́dún, tó ń rò pé náírà 27,600 ni, bá ara rẹ̀ níbi tó ti lé ní 90,000, ọjà rẹ̀ ò sì yí padà. Àǹfààní kejì ni pé tí server bá wà ní Nàìjíríà lóòótọ́, ohun tí oníbàárà ní Abuja ń wò kò ní láti la òkun kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà tó gba abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan, ohun tó wà lókè òkun sì nira láti dé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Ẹ béèrè o, nítorí àwọn kan ń gba náírà, Yúróòpù sì ni server wọn wà. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ohun díẹ̀ péré ló kù láti bi wọ́n. Èló ni ọdún kejì? Àwọn kan ń dín ti àkọ́kọ́ kù púpọ̀, wọ́n á sì gbé e sókè lẹ́yìn náà. Ṣé wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ìkànnì pamọ́ lójoojúmọ́? Ṣé SSL wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ọ̀nà láàárín oníbàárà àti ìkànnì yín? Ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ wá pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà lálẹ́ Sátidé, nígbà tí ìsinmi ti dé. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ mọ bí a ṣe ń kó ìkànnì lọ síbòmíràn. Tí ẹnìkan bá gbé e, tó sì fi sùúrù ṣàlàyé láìbínú pé ẹ ń ronú àtikúrò, ẹ san ti ọdún kan fún wọn. Ẹ má tíì san ti mẹ́ta.